Ohun Tó Yọ Eyín Méjì

2.

…ó sì fi gégé fa igi gbọọrọ lé ohun tí ìyàwó rẹ̀ kọ, títí ìwé fi ya. Káfíńtà ni. Ọwọ́ rẹ̀ wúwo.

3.

FỌ́Ọ̀MÙ ILÉ ÌWÒSÀN EYÍN
Eyín tó sọnù: méjì, òkè, níwájú
Ohun tó fà á: Ó jábọ́ lórí àkàbà (wọ́n ti fagi lé e). Ẹ̀GBỌ́N MI NI.

4.

ÌYÀWÓ: Bàbá ọmọ mi, ta ló ní kẹ́ ẹ wá rojọ́? Eyín la wá ṣe.
KÁFÍŃTÀ: Wọ́n bi mí. Wò ó: ohun tó fà á.
ÌYÀWÓ: Ó di ọdún mọ́kànlá.
KÁFÍŃTÀ: Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé. Èmi ni mo kó o.

1.

(Ó yẹ kí eléyìí ṣáájú. Ó ṣòroó sọ ni.)

Ohun tí wọ́n jà lé: ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn.
Ohun tí ẹ̀gbọ́n fi lù ú: òòlù onígi.
Ẹlẹ́rìí: kò sí.

Kílẹ̀ tó mọ́, ẹ̀gbọ́n ti sọ fún gbogbo ẹbí pé àkàbà ni. Ẹbí gbà. Ẹ̀gbọ́n kàwé, àbúrò ò kọjá ìwé mẹ́rin.

Àlàfo ẹnu rẹ̀ nìkan ló ń jẹ́rìí.

6.

DÓKÍTÀ EYÍN: A máa gbẹ́ eyín ọ̀tún àti tòsì tín-ín-rín, ká gbé afárá, ìyẹn eyín àtọwọ́dá tó so pọ̀, lé wọn. Àwọn ló máa ru méjì tí ò sí.
KÁFÍŃTÀ: Kí ni wọ́n ṣe tí ẹ fẹ́ gbẹ́ wọn?
DÓKÍTÀ: Wọn ò ṣe nǹkan kan, Bàbá. Àwọn ló wà nítòsí ni.

Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń wo ilẹ̀.

7.

Wọ́n gbẹ́ ẹ.

8.

ÀTẸ̀JÍṢẸ́ SÍ Ẹ̀GBỌ́N: AFÁRÁ TI DÉ. MI Ò NÍ JẸ́ KÍ WỌ́N LẸ̀ Ẹ́ MỌ́ MI LẸ́NU, ÀFI TẸ́ Ẹ BÁ WÁ FỌWỌ́ SÍ FỌ́Ọ̀MÙ PÉ Ẹ̀YIN NI.
ÈSÌ: Àbúrò, fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkàbà yẹn ti pẹ́.
ÈSÌ SÍ ÈSÌ: ÀKÀBÀ WO?

9.

Ó jókòó sórí àga. Dókítà ní kó la ẹnu. Káfíńtà fi àáké kọ́rí. Ó pa ẹnu dé gbọin-gbọin.

5.

(Ti ẹ̀gbọ́n nìyí. Kò tíì sọ ọ́.)

10.

Ilẹ̀kùn ṣí.

DÓKÍTÀ: Ṣé ẹbí wọn ni yín, sà?
Ẹ̀GBỌ́N: Èmi ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀.
DÓKÍTÀ: Ẹ̀gbọ́n tó wà nínú fọ́ọ̀mù?


Dókítà na gégé sí i. Káfíńtà yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wá la ẹnu gbayawu.