Àdúrà fún Nọ́ńbà Gbọọrọ Kan

Ìdúpẹ́ ni Àǹtí Adùnọlá fẹ́ ṣe, kò sì rí ẹni tó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún Lateefat ọmọ rẹ̀, tí ara ọmọ sì yá débi pé ó ti ń lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kiri àdúgbò, ló ti ń pe Taoheed, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lójoojúmọ́. Ìbéèrè kan náà ni: ta ló san owó náà?

Taoheed ló kúkú fọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Nígbà tí owó ilé ìwòsàn kò pé, òun tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yábàá ló gbé àdírẹ́ẹ̀sì kíríptò rẹ̀, nọ́ńbà gbọọrọ tí wọ́n fi ń gba owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, síta pé kí àwọn ẹlẹ́yinjú àánú ṣàánú. Àwọn kan fi dọ́là márùn-ún márùn-ún ránṣẹ́. Àfi bí ẹnì kan ṣe dédé fi gbogbo èyí tó kù ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tí kò kọ orúkọ, tí kò sì sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan.

Lọ́sàn-án Sátidé, Taoheed wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Mushin kí ọ̀rọ̀ náà lè tán nílẹ̀. Ó bá àǹtí rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Àǹtí, mo ti sọ fún yín, owó yìí kì í ní orúkọ. Owó àṣírí ni, nọ́ńbà lásán ló ní."

"Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ṣé o fẹ́ kí n di olè ni? Ṣí nọ́ńbà ọ̀hún kí n rí i."

Taoheed ṣí i. Ìwé gbangba kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń kọ gbogbo irú owó bẹ́ẹ̀ sí, tajá tẹran ló lè wò ó. Nọ́ńbà olóore náà rèé, gbọọrọ. Lábẹ́ rẹ̀ ni gbogbo owó tó ti wọlé fún un wà: ogún dọ́là, ọgbọ̀n, àádọ́ta, fún ọdún méjì gbáko. Nígbà tó di ọjọ́ kan, gbogbo èyí tó wà níbẹ̀ jáde wá sọ́dọ̀ wọn. Ohun tó kù níbẹ̀ kò ju òdo lọ.

Àǹtí bọ́ awò ojú rẹ̀, ó tún gbé e wọ̀. "Dúró ná. Ṣé o ní owó àṣírí ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí wá ni mo ń wò yìí? Mo mọ ọjọ́ tó gbowó, mo mọ̀ pé kò ku kọ́bọ̀ sí i lápò. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni mi ò mọ̀. Irú àṣírí wo nìyẹn?"

Taoheed ti ń lo nǹkan yìí fún ọdún mẹ́rin, kò rò ó báyìí rí.

"Gbogbo ohun tó ní ló kó fún wa," ni àǹtí wí, omi sì lé sí i lójú. "Kò dà bíi Fẹ́yìsayọ̀ ahun tìẹ yẹn."

Fẹ́yìsayọ̀ ni ọmọbìnrin tí Taoheed fẹ́ gbé níyàwó tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Lateefat wà ní ilé ìwòsàn, Taoheed ní kó ran àwọn lọ́wọ́, ọmọbìnrin náà sì ní owó tóun fẹ́ fi lọ kàwé lókè òkun nìkan ló wà lọ́wọ́ òun. Taoheed bínú, wọ́n pínyà, ó sì kà á sí ẹbí létí lọ́kọ̀ọ̀kan pé ahun paraku ni.

Ó tún wo fóònù. Láàárín gbogbo owó tó wọlé yẹn, ẹyọ kan ti jáde rí ṣáájú tiwọn: ọgbọ̀n dọ́là, ọjọ́ ìbí Taoheed. Àdírẹ́ẹ̀sì Taoheed ló wọlé sí. Ó rántí. Fẹ́yìsayọ̀ ló fi í ránṣẹ́ pé kó fi ra bàtà.

Báwo lẹni tó kọ̀ lójú ṣe lè fún ni lẹ́yìn? Ó jáde sẹ́yìn ilé, ó pè é.

"Fẹ́yìsayọ̀, ìwọ ni."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Owó bàtà."

"Háà. Èmi rò pé kò lórúkọ ni."

"Kí ló dé tó o fi pa á mọ́?"

"Torí mo ti kúrò lọ́dọ̀ ẹ. Tẹ́ ẹ bá mọ̀, ẹ máa wá bẹ̀ mí, ẹ máa ní kí n padà. Ọmọ yẹn ni mo ṣe é fún. Jọ̀ọ́, má sọ fẹ́nì kankan. Búra."

Taoheed búra. Ìtìjú bò ó, kò mọ èyí tí ì bá ṣe. Bó bá sọ̀rọ̀, ó dalẹ̀. Bó bá dákẹ́, Fẹ́yìsayọ̀ á máa jẹ́ ahun lọ lẹ́nu ẹbí. Ó padà wọlé.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe Fẹ́yìsayọ̀ ní ahun mọ́."

"Kí ló kan tiẹ̀ níbí? Ka nọ́ńbà yẹn fún mi. Ọlọ́run mọ ẹni tó ni ín."

Àǹtí pe Lateefat wọlé, tìyátọmọ kúnlẹ̀. Taoheed ń ka lẹ́tà àti nọ́ńbà inú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àǹtí ń pè é tẹ̀ lé e bí ẹni ń ki èèyàn, títí ó fi tán.

"Ìwọ ẹni yìí, ohun tó o fi du ara ẹ nítorí wa, wàá rí i gbà padà."

"Àmín," ni Lateefat àti Taoheed wí.

"Ọ̀nà ẹ ò ní dí."

"Àmín."

"Ẹnikẹ́ni tó bá bà ọ́ lórúkọ jẹ́, tó pè ọ́ ní ohun tó ò jẹ́, kó má rójú, kó má ráyè."

"Àmín!" Ohùn Lateefat nìkan ló jáde.

Àǹtí yíjú padà lórí ìkúnlẹ̀. "Taoheed, ṣé o ò gbọ́ àdúrà ni? Ṣe àmín."