Àpótí Iná Méjì Lórí Tábìlì

Ọkùnrin tó bá ti fi etí jẹun fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ẹ má bá a jiyàn nípa ohùn o. Yóò bá yín jà ni. Elétí ni wọ́n ń pe ọkùnrin yìí ní sítúdíò, Elétí ni wọ́n ń pè é ládùúgbò, ìyàwó rẹ̀ pàápàá, bí inú rẹ̀ bá dùn, Elétí lòun náà ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó jókòó lọ. Àwọn tó ń ka ìwé sínú ẹ̀rọ yóò ka tiwọn tán, wọn yóò fi ránṣẹ́ sí i nílé, òun yóò sì gbé hẹ́dífóònù sétí, yóò máa wá ariwo tí kò yẹ kó wà níbẹ̀: àga tó dún, ikùn tó kùn, wáyà tó ń hó. Bó bá ti ní ó mọ́, ó mọ́ nìyẹn. Ẹjọ́ ti parí.

Àfi lóṣù tó kọjá, tí wọ́n dá ìwé kan tó ti fọwọ́ sí padà. Àwọn olùgbọ́ ní nǹkan kan ń súfèé tín-ín-rín nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ilé iṣẹ́ kò bínú. Wọ́n ní kò sí ẹni tí kì í ṣàṣìṣe, ṣùgbọ́n kó má tún ṣẹlẹ̀ mọ́. “Ṣùgbọ́n” yẹn ni kò jẹ́ kí oúnjẹ wọ Elétí lọ́fun. Ó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò síwá sẹ́yìn, ó ní ẹ̀rọ òun ló ti gbó. Ó ní ańpílífáyà onígílóòbù, ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn ròkè, lòun máa rà, irú èyí tí gílóòbù kéékèèké ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú nínú rẹ̀ bíi ti rédíò ayé àtijọ́. Ó ní ìyẹn kì í fi nǹkan kan pamọ́ fún etí.

Ìyàwó rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Aránṣọ ni, ilé ló ti ń ránṣọ, inú yàrá kan náà sì ni tábìlì àwọn méjèèjì wà, nítorí náà ó mọ ohun tó mọ̀. Irú kẹ́tùrù tí ń súfèé bí omi bá hó ni wọ́n ní. Ó ti tó ọdún méjì báyìí tí ọkọ rẹ̀ ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́tùrù náà, tí omi yóò máa hó lọ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, bí òun kò bá sáré wá gbé e kúrò lórí iná. “Mò ń ronú ni,” ni ọkùnrin náà máa ń wí. Òun náà á dáhùn pé, “Mo mọ̀.” Ó ní ìfẹ́ lòun fi ń bo ọkọ òun láṣìírí. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ẹ̀rù náà wà níbẹ̀. Ta ni yóò la ẹnu sọ fún Elétí pé etí rẹ̀ ń lọ?

Bí àpótí iná méjì ṣe dé orí tábìlì ní ọ̀sán Sátidé nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ańpílífáyà fúnra rẹ̀ ti yanjú, wọ́n ti rà á. Ṣùgbọ́n irú ańpílífáyà bẹ́ẹ̀ kì í bá ojú iná ara ògiri sọ̀rọ̀ tààrà. Àpótí kan ní láti wà láàárín wọn tí yóò máa fi iná bọ́ ọ, ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n ń ra àpótí náà. Méjì ni ẹni tó ń tà á fún wọn láti lọ dán wò. Ọ̀kan tóbi, ó wúwo débi pé tọkọtaya ló pawọ́ pọ̀ gbé e gun àtẹ̀gùn. Èkejì kéré, ó fúyẹ́, inú báàgì aránṣọ ló bá wọn wálé. “Ẹ lọ gbọ́ ọ nílé, sà,” ni ọ̀gá onísọ̀ wí. “Kí ẹ ṣáà ti dá èyí tí ẹ ò bá fẹ́ padà kí n tó ti ìsọ̀ ní aago mẹ́rin.”

Bí ó bá jẹ́ ti aago mẹ́rin nìkan, kò ní burú. Ìwé tuntun kan ti wà nílẹ̀ tí ilé iṣẹ́ ń retí ìdáhùn rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Bí èyí náà bá tún padà, kò sí ẹni tí yóò tún gbé iṣẹ́ fún Elétí mọ́ láyé. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ará sítúdíò ní àṣà kan. Bí wọ́n bá fẹ́ dán ẹ̀rọ wò, wọn kì í fi orin sí i. Wọn á tan ẹ̀rọ, wọn á yí bọ́tìnnì ohùn dé òpin láìsí ohun kan tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, wọn á wá máa gbọ́ ìdákẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá dàgbà jù níbẹ̀ ló ń gbọ́ ọ. Títí yóò fi sọ̀rọ̀, ẹlòmíì kò gbọdọ̀ yanu. Ẹ̀rọ tó bá dákẹ́ jù lọ, òun ló dára jù lọ.

Àpótí ńlá ni Elétí kọ́kọ́ so mọ́ ańpílífáyà náà. Ó dúró kí gílóòbù pọ́n, ó gbé hẹ́dífóònù sétí, ó dijú. “Èyí ń kùn díẹ̀,” ló wí nígbà tó yá. “Bí ẹni tó ń sùn ní yàrá kejì.” Ó pa á. Ó dúró kí iná inú rẹ̀ kú tán, nítorí kò fẹ́ kó gbé òun, ó wá so kékeré mọ́ ọn.

Aránṣọ ti dáwọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. Láti ibi tó jókòó sí, ó gbọ́ ohun tó ń jò jáde láti inú hẹ́dífóònù náà, ohun kan tó ń ké fíínfín. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀. Ẹ̀rín ló wà níbẹ̀, ẹ̀rín tí kò tíì rí láti oṣù tó kọjá.

“Kò sí nǹkan kan,” ni Elétí wí. “Kò sí nǹkan kan rárá. Mo sọ fún ọ, ẹ̀rọ ni. Wá gbọ́ ìdákẹ́.”

Obìnrin náà gbé e sétí, ó sì fà á yọ kíá. Ńṣe ló dà bíi pé ẹ̀fọn wọ inú agbárí rẹ̀.

Bó bá ṣe pé ọ̀rọ̀ ọjà nìkan ni, ì bá pa á mọ́ra bó ṣe ń pa á mọ́ra látẹ̀yìnwá. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ti na ọwọ́ sí ìwé tuntun yẹn. Ohunkóhun tó bá ń súfèé nínú rẹ̀, kò ní gbọ́ ọ. Yóò fọwọ́ sí i, ìwé náà yóò sì tún padà bọ̀. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tirẹ̀ kò tíì ju ọdún méjì lọ, ó sì ti rẹ̀ ẹ́.

“Ọkọ mi,” ló wí, “ó ń ké.”

“Kí ló ń ké?”

“Àpótí kékeré yìí. Ó ń ké bí ẹ̀fọn.”

Elétí rẹ́rìn-ín. “Ìwọ tí ẹ̀rọ ìránṣọ ti di létí.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣẹ̀fẹ̀.”

“Ó dáa. Kọjú sí ògiri.”

Ó kọjú sí ògiri, ó gbé hẹ́dífóònù sétí. Lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ rẹ̀ pa iná, ó ka oókan títí dé ọgọ́ta, ó yọ wáyà, ó ki wáyà bọ̀ ọ́, ó tún dúró. Ìyàwó ní, “Ó dákẹ́ báyìí, ó kàn ń kùn nísàlẹ̀.” Òótọ́ ni, àpótí ńlá ni. Ọkọ tún pa iná, ó tún kà á. “Ẹ̀fọn ti dé.” Òótọ́ tún ni.

Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ wọ́ àpótí ńlá lórí tábìlì, tó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀. Ó dúró. Ó mọ̀ pé àyè ìkẹyìn tóun ní láti purọ́ rèé. Bó bá ní ó ti dákẹ́, ọkọ rẹ̀ yóò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí di ọdún tó ń bọ̀, ayé wọn yóò sì máa lọ bó ṣe ń lọ. Gílóòbù pọ́n lẹ́yìn rẹ̀. Ohùn náà wọlé, tín-ín.

“Ẹ ò pààrọ̀ ẹ̀,” ló wí. “Kékeré náà ṣì ni.”

Nígbà tó yíjú padà, ọkùnrin náà dúró gbagidi, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí àpótí ńlá tí kò so mọ́ nǹkan kan.

“Láti ìgbà wo?”

“Ó tó ọdún méjì. Láti orí kẹ́tùrù.”

“Ọdún méjì. O sì ń wò mí níran.”

“Mò ń bò yín láṣìírí ni.”

“Lójú ta ni?” Ohùn rẹ̀ kò ròkè. “Èmi gan-an lo fi í pamọ́ fún.”

Ọ̀rọ̀ náà dun aránṣọ wọ egungun.

Elétí mú fóònù. “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé tó wà lọ́dọ̀ mi, ẹ fún ẹlòmíì gbọ́. Rárá, mi ò tíì fọwọ́ sí i. Èyí tó padà lóṣù tó kọjá yẹn, kì í ṣe ẹ̀rọ. Etí mi ni.” Ó tẹ́tí sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. “Mo gbọ́. Ẹ ṣeun.” Ó da ojú fóònù dé orí tábìlì.

“Kí ni wọ́n sọ?”

“Wọ́n ní àwọn á pè mí.”

Àwọn méjèèjì mọ irú ìpè bẹ́ẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká wáyà àpótí kékeré jọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. “Ńlá yẹn la máa mú,” ló wí. “Òun, mò ń gbọ́ kíkùn tiẹ̀. Ká máa fi gbọ́ orin nínú ilé.” Aago mẹ́ta ti kọjá dáadáa. Ìyàwó rẹ̀ wá báàgì rẹ̀, ó rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ọkùnrin náà dáwọ́ dúró.

“Báwo ló ṣe ń ké?”

“Kí ni?”

“Ẹ̀fọn yẹn. Fi ẹnu ṣe é fún mi kí n mọ̀ ọ́n.”

Obìnrin náà sún mọ́ ọn títí ojú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Ó pa eyín pọ̀, ó fi ètè ṣe ẹyọ ihò kan, ó sì ti atẹ́gùn gba àárín eyín náà jáde, tín-ín-rín, gan-an bó ṣe gbọ́ ọ. Ó fà á gùn títí èémí fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ tẹ orí wálẹ̀, ó tẹ́jú mọ́ ẹnu rẹ̀, ó ń dúró.

“Ó yá,” ló wí. “Bẹ̀rẹ̀.”