Ìlú Mẹ́jọ Ò Tó Wo Ikọ́

Ìbínú Mọ́yọ̀ọ̀lá lọ́jọ́ yẹn, ká ní wọ́n gbé ìkòkò ìrẹsì lé e lórí ni, gbogbo àdúgbò Sabon Gari ni ì bá jẹ yó. Ọmọ tó kàwé débi tí ìwé fi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sinmi ni. Òun ló ṣe ààrò onígi kan tí èéfín rẹ̀ ò pọ̀, torí ìyá rẹ̀, Àríkẹ́, tó ń dáná oúnjẹ tà ní Ibo Road, ń wúkọ́ débi pé páànù ilé ń jó sí i.

Ẹgbẹ́ olóúnjẹ ní àwọn á rà á fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ bí ó bá dín ikọ́ kù. Mọ́yọ̀ọ̀lá jókòó, ó ṣírò. Ààrò náà ò ní pa ikọ́ rẹ́ pátá, díẹ̀ ló máa yọ nínú rẹ̀, ìyàtọ̀ kékeré sì rèé, èèyàn púpọ̀ la fi ń rí i. Ó ní kí obìnrin mẹ́rìnlélọ́gọ́ta lo tuntun, kí iye kan náà lo ti àtijọ́.

Àlàájì Sàkáríyà, alága tí ikùn rẹ̀ máa ń dé ìpàdé ṣáájú rẹ̀, kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ọmọ ìlú mẹ́jọ ló wà nínú ẹgbẹ́, kí ìlú kọ̀ọ̀kan mú obìnrin kan wá fún ààrò tuntun, ọ̀kan fún ti àtijọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Bí wọ́n ṣe ń pín ẹran iléyá náà nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe é. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, alága dìde nípàdé, ó ní kò sí ìyàtọ̀, kí wọ́n dá ààrò padà.

Ojú Mọ́yọ̀ọ̀lá pọ́n ju ata rodo lọ. "Àlàájì, a ò rí i lẹ ń pè ní kò sí yẹn. Ká tiẹ̀ ní ó ń ṣiṣẹ́, tá a bá fi èèyàn mẹ́jọ-mẹ́jọ dán an wò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, bóyá la fi máa rí i lẹ́ẹ̀mejì. Iye tí mo dá lábàá, à bá rí i lẹ́ẹ̀mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Mo sì sọ ọ́ ká tó bẹ̀rẹ̀."

"Haba, ọmọ mi. Ìlú wo la yọ sílẹ̀?"

"Ṣé ikọ́ mọ ìlú ni, sà? Ẹran lẹ pín, ẹ ò wádìí nǹkan kan."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Alága ní kí akọ̀wé kọ ọ́ pé ààrò náà ò wúlò. Mọ́yọ̀ọ̀lá ní irọ́ ni, kó kọ ọ́ pé àwọn tí wọ́n fi wò ó ò tó. Àdúrà ìparí ni alága bẹ̀rẹ̀.

Kí wọ́n tó ṣe àmín, Mọ́yọ̀ọ̀lá ti ń ju ààrò sínú kẹ̀kẹ́ Napep bí ẹni tó ń ju ọ̀tá sí kànga. Ìyá rẹ̀ sáré tẹ̀ lé e, ó ń wúkọ́, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra. Mọ́yọ̀ọ̀lá ní òun ò ní rọra. Ó ní kí oníkẹ̀kẹ́ máa lọ sí ọjà Singer, torí àwọn obìnrin tó ń fi igi dáná lẹ́bàá ibẹ̀ pọ̀ ju eṣinṣin lọ, ẹni tí òun bá kọ́kọ́ rí lòun máa gbé ààrò kan fún, láìbi í léèrè ìlú rẹ̀, títí wọ́n á fi pé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta.