Líìlí Inú Òkìtì Igi

Ìdí rẹ̀ ni Muriel Thackray rí kẹ́yìn, ìdí roboto ẹlẹ́gùn-ún tó ń rá pálá wọ abẹ́ òkìtì igi, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì ń wọ́ nílẹ̀ tẹ̀lé e. Ó wọlé. Kò jáde mọ́.

Muriel tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ òkìtì náà, ó dúró, ó retí. Ilẹ̀ ti ṣú tipẹ́, bó ṣe máa ń tètè ṣú lápá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lóṣù Kọkànlá, òtútù sì ń ta ni létí. Ìgbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti rí líìlí yìí tó gbé ewé gbígbẹ há ẹnu wọ ibẹ̀. Ẹranko kékeré tí gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ẹ̀gún, tó máa ń ká jọ rúbútú bí ẹ̀rù bá bà á, ó ti rí ibi tí yóò sùn sí títí ìgbà òtútù yóò fi kọjá. Kò mọ̀ pé wọ́n fẹ́ dáná sun ibùsùn rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an.

"Àwọn òpè," Muriel ní. Kì í ṣe líìlí ló ń bú.

Ẹ tiẹ̀ wo òkìtì náà fúnra rẹ̀! Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí àwọn ará Tanner's Croft ti ń kó pàǹtí ilé wọn dà sórí koríko àárín àdúgbò. Kọ́bọ́ọ̀dù Pauline Sugden wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ kan wà níbẹ̀, àti àga onítìmùtìmù tí ajá ti jẹ ìdajì rẹ̀. Lókè téńté ni wọ́n gbé ère ọ̀dàlẹ̀ ayé àtijọ́ jókòó sí, èyí tí wọ́n ń dáná sun lọ́jọ́ karùn-ún oṣù náà lọ́dọọdún. Bẹ́ẹ̀, kò sí ẹnì kan nínú wọn tó lè sọ ohun tí ọ̀dàlẹ̀ ọ̀hún ṣe gan-an. Muriel ti bi wọ́n léèrè rí, wọ́n ń wò ó ṣùú.

Ẹranko ni Muriel ń bá kẹ́gbẹ́. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ilé ìkàwé, ìrọ̀lẹ́ kan kì í kọjá kó má wọ bàtà rọ́bà, kó mú ọ̀pá, kó jáde lọ wò wọ́n. Ó mọ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó ń tú garawa ìdọ̀tí ẹ̀yìn ilé ọtí. Ó mọ òwìwí orí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì. Ó mọ ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń ri èso mọ́lẹ̀ de ìgbà òtútù, tí yóò sì gbàgbé ibi tó rì í sí. Òun nìkan ló jọ èèyàn nínú wọn. Ṣùgbọ́n líìlí yìí ló fẹ́ràn jù. Orúkọ tó sọ ọ́ ni Ambrose. Lójú Muriel, òun nìkan ló mọ̀ pé ó wà láyé, torí àwọn tó kù ò ríran ju fóònù ọwọ́ wọn lọ. Ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Ká ní wọ́n mọ̀ ni, wàrà ni wọn ìbá máa gbé fún un, kó máa yàgbẹ́ gbuuru títí yóò fi kú.

Èyí tó wá burú jù lọ nínú wọn ni Wayne Ollerton, ọkùnrin alájá. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa to irin àti pákó mọ́ ara ilé gíga fáwọn kọ́lékọ́lé. Àwòrán kún apá rẹ̀ méjèèjì bí ògiri ọjà, ajá rẹ̀ kì í sì í sinmi ariwo. Nígbà tí ìgbà òtútù tó kọjá ń parí lọ, ó wá kan ilẹ̀kùn Muriel, ayùn lọ́wọ́. Ayùn, ẹ gbọ́! Muriel yọjú wò ó láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì, ó pa ẹnu mọ́ títí tó fi lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó ròyìn fún àlùfáà ìjọ pé díẹ̀ ló kù kí wọ́n gé òun wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Wayne yìí kan náà ló ń bọ̀ nínú òkùnkùn, gálọ́ọ̀nù kẹrosíìnì lọ́wọ́. Àwọn ará àdúgbò tẹ̀ lé e, tọmọdé tàgbà, Pauline sì gbé àwo kéèkì dúdú alátalẹ̀ síwájú.

"Ẹ káalẹ́ o, Muriel," Wayne kí i. Orúkọ rẹ̀ lásán ló máa ń pè bẹ́ẹ̀, bí ẹni pé wọ́n jọ lọ sílé ìwé.

"Má dáná sí i. Líìlí kan wà lábẹ́ ẹ̀."

Wayne wo Pauline. Pauline wo Wayne. Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín.

"Lọ́dún tó ṣáájú èṣín, èéfín ló ń dí yín nímú, ẹ pe kánsù," Wayne ní. "Èṣín, ẹ ní sílíńdà gáàsì wà nínú ẹ̀, ẹ pe panápaná, wọ́n da omi sí gbogbo ẹ̀ kí páì ẹran wa tó gbóná. Ó wá kan líìlí lọ́dún yìí. Tó bá di àmọ́dún ńkọ́, ṣé erin ni?"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Kò sí sílíńdà kankan lọ́dún náà. Muriel mọ̀ pé irọ́ lòun pa, wọ́n sì mọ̀ pé ó mọ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Òótọ́ wá dé ẹnu rẹ̀ tán lálẹ́ yìí, ẹni tí yóò gbà á gbọ́ ni kò sí.

"Muriel, ẹ lọ sílé, ẹ mu tíì gbígbóná, kí ẹ ti fèrèsé yín pa," Pauline ní. "Ohun tẹ́ ẹ máa ń ṣe náà nìyẹn."

Wayne ṣí ìdérí gálọ́ọ̀nù. Òórùn kẹrosíìnì gba afẹ́fẹ́. Muriel sáré bọ́ sáàárín Wayne àti òkìtì igi, ó na ọ̀pá rẹ̀ síta.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní.

Kò bẹ ẹnikẹ́ni rí ní Tanner's Croft.

"Ẹ jọ̀ọ́. Ambrose ló wà níbẹ̀."

"Ta ló ń jẹ́ Ambrose?"

"Líìlí mi. Mo rí i tó gbé ewé wọlé. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kan ń wọ́ nílẹ̀, kò lè sáré..."

Ọwọ́ Wayne dúró lórí gálọ́ọ̀nù. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ òsì?"

"Òsì ni."

"Ó máa ń kùn hùn-ùn hùn-ùn tó bá ń jẹun?"

Muriel kò mọ̀. Kò rí i kó jẹun rí.

"Àmì funfun wà létí ẹ̀ ọ̀tún?"

"Ó wà."

"Yéè! Bruno!" Wayne kígbe. "Bruno ló wà níbẹ̀!"

"Bruno wo?" Pauline ti gbé kéèkì sílẹ̀. "Duchess nìyẹn. Obìnrin ni, Wayne, ẹnu mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó níbi tí mo ti ń sọ ọ́ fún ẹ. Ṣé ọkùnrin ló bímọ sábẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìnkùlé mi ni?"

"Nílé tiwa, Ọ̀gá Ẹlẹ́gùn-ún là ń pè é," ẹnì kan sọ látẹ̀yìn.

Ẹnikẹ́ni ò tún ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. Wayne gbé gálọ́ọ̀nù lọ jìnnà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú òkìtì náà pẹ̀lú ọwọ́ lásán, pákó kan tẹ̀ lé òmíràn, rọra-rọra, bí ẹni ń yọ ẹyin lábẹ́ adìẹ. Ọ̀dàlẹ̀ sọ̀kalẹ̀ látorí ìtẹ́, wọ́n gbé e jókòó sórí àga tí ajá jẹ. Ọwọ́ wọn bó, òtútù mú wọn, wọn ò dúró. Muriel tan tọ́ọ̀ṣì fún wọn. Ó ń wá ohun tí yóò fi bú wọn, kò rí i.

Nígbà tó ku ìpele ìsàlẹ̀, Wayne dojú bolẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ti apá rẹ̀ aláwòrán bọ abẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó fa ọwọ́ jáde, òkìtì ewé kékeré kan wà nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ewé náà sì ń mí.

"Màmá mi," ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ fún ewé náà. "Ìwọ lo fẹ́ jóná yìí?" Ó gbójú sókè wo Muriel. "Ẹ wò ó, ó ti sanra de òtútù. Oúnjẹ ológbò ni mò ń rà fún un. Wàrà ò dáa fún wọn, ṣé ẹ mọ̀?"

Alájá tó ń ra oúnjẹ ológbò!

Wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé kí wọ́n gbé e lọ sínú àpótí oníkoríko tó wà lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì Pauline. Bó bá jí, ó mọ ọ̀nà ara rẹ̀.

"Ọ̀nà wo?" Muriel bèèrè.

"Ihò líìlí," Pauline ní. "A gé e sí ìdí ọgbà pákó wa, kó lè máa gba àgbàlá kan bọ́ sí òmíràn. Gbogbo ilé ló ní in."

"Gbogbo ilé?"

Pauline wúkọ́. Ó gbé kéèkì rẹ̀, ó ń wo inú àwo.

"Ó ku ẹyọ kan."

Wayne ló parí ọ̀rọ̀ náà, ojú rẹ̀ lára ẹranko ọwọ́ rẹ̀. "Tó bá dé ìdí ọgbà tiyín, kò rọ́nà. Títì ló ń gbà yípo. Ibẹ̀ ni mọ́tò ti gbá a lẹ́sẹ̀, lóṣù Kẹta. Mo wá kan ilẹ̀kùn yín nígbà yẹn, mo mú ayùn dání kí n bá yín gé e." Ó fi ewé bo ẹranko náà. "Ẹ ò sí nílé."

Muriel mọ̀ pé òun wà nílé. Ó wo ojú ọkùnrin náà, ó rí i pé òun náà mọ̀.

Wọ́n tún igi tò, wọ́n dá ọ̀dàlẹ̀ padà sípò, wọ́n dáná. Ọmọdé ń yin bánńgà, páì ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ pẹ̀lú ẹ̀wà aláwọ̀ ewé tí wọ́n sè di rírọ̀. Pauline ti kéèkì kan sọ́wọ́ Muriel láìbi í bóyá ó fẹ́. Ó ti le jù, gẹ́gẹ́ bí Muriel ṣe máa ń fura. Ó jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà ó yọ́ kúrò láàárín wọn, ó gba ilé lọ.

Lẹ́bàá ọgbà rẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ọgbà tó dára ni, òun ló dára jù ládùúgbò. Pákó rẹ̀ wọlẹ̀ ṣinṣin, èkúté pàápàá ò lè gba abẹ́ rẹ̀. Ní ìdí rẹ̀, nínú koríko, ipa ọ̀nà tóóró kan wà, tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Ó ti ń rí i tipẹ́, òjò ló rò pé ó là á. Ó tẹ̀ lé e. Ó gba ìdí pákó kan dé òmíràn, ó yà sí igun, ó dúró díẹ̀ níbi tí erùpẹ̀ ti fọ́n ká, bí ẹni pé ohun kan ti ń fi ọwọ́ wa ibẹ̀ lálaalẹ́. Láti ibẹ̀, ó já sí títì.

Muriel dúró níbẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kú. Lẹ́yìn náà ó yí padà, ó gba ibi iná lọ.

Ajá rí i lókèèrè, ó bẹ̀rẹ̀ ariwo rẹ̀. Wayne di ọrùn rẹ̀ mú.

"Wayne," Muriel ní. Kò tíì pe orúkọ yẹn rí láti ọjọ́ tí ọkùnrin náà ti dé àdúgbò. "Ayùn yẹn ṣì wà?"

"Ó wà."

"Mú un wá lọ́la. N ó wà nílé."