Ta Ni Yóò Pa Àtẹ Rẹ́?

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ni ìyàwó Bàbá kú. Kí oṣù kẹfà tó parí, ètò kọ̀ǹpútà tí obìnrin náà fi sílẹ̀ ti ń dákú.

“Ó tún ti dákú, Bàbá!” Ọmọbìnrin rẹ̀ lu tábìlì. Òun ló jogún iṣẹ́ ìyá rẹ̀. Àga ìyá rẹ̀ náà ló jókòó sí. “Àwọn tó ń lò ó ní tí a ò bá la àdéhùn tó wà láàárín ètò Màmá àti tiyín yé àwọn lónìí, àwọn á pa ètò Màmá tì.”

Bàbá fa àga tirẹ̀ sún mọ́ ọn.

Ètò méjì ni tọkọtaya náà fi ayé wọn kọ. Ti ọkọ ń to iye òjò àti oòrùn sínú àtẹ; ti ìyàwó ń gba àtẹ náà, ó ń fi í ya àwòrán. Wọn kì í ṣe àdàkọ àtẹ, kí iṣẹ́ má baà falẹ̀. Ti ọkọ kàn ń fi ibi tí àtẹ wà han ti ìyàwó ni. Bí wọ́n bá lò ó tán, ẹnì kan gbọ́dọ̀ pa á rẹ́, kí ààyè lè ṣí sílẹ̀. Ta ni? Àdéhùn wọn kò sọ. Kí ni wọ́n fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ fún? Inú yàrá kan náà ni wọ́n ń jókòó sí. Bí ọkọ bá ti nawọ́ sí bọ́tìnnì, ìyàwó á ké láti òdìkejì tábìlì: “Ọ̀gá Kánjú! Ṣé iná ń jó ẹ ni? N ò tíì ṣe tán.”

Lẹ́yìn ìsìnkú, bàbá tún ètò tirẹ̀ ṣe, kó lè máa pa àtẹ rẹ́ fúnra rẹ̀. Ọmọ náà tún ti ìyá rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún ẹnì kejì. Wọ́n ní ohun tó ń duni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Nínú ilé yìí, òun gan-an ni ẹnu kì í bà.

“Àwa méjèèjì la wá ń pa àtẹ kan ṣoṣo rẹ́,” ọmọ náà wí. “Ẹni kejì kì í bá nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, ni ètò ṣe ń dákú. Ta ló ń pa á rẹ́ nígbà ayé Màmá?”

“Èmi ni.”

“Ẹ ò rí i! Ẹ jẹ́ kí n yọ èyí tí mo fi sínú ètò Màmá kúrò nígbà náà.”

“Dúró. Èmi ni, ṣùgbọ́n ẹnu ìyá rẹ ni mo máa ń wò.”

Bàbá fa pátákó ìtẹ̀wé mọ́ra, ó sì rọra tẹ̀ ẹ́ sínú àdéhùn: *Ẹni tó fúnni ni yóò pa àtẹ rẹ́, nígbà tí ẹni tó gbà á bá sọ pé òun ti ṣe tán. Kó tó sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.*

Wọ́n tún ètò méjèèjì ṣe, wọ́n sì dán wọn wò. Àwòrán òjò yọ lójú kọ̀ǹpútà, ó sì dúró.

Ọmọ náà mí kanlẹ̀. Ó wo kọ̀rọ̀ yàrá. “Bàbá, ẹrù Màmá ńkọ́? Ṣé kí n wá kó wọn ní Sátidé?”

Bàbá wo ibẹ̀.

“N ò tíì ṣe tán.”

“Ẹ̀yin, Ọ̀gá Kánjú?” Ẹ̀rín ló fẹ́ rín, omijé ló bọ́.

Ọmọ náà kò fọwọ́ kan ohunkóhun kó tó lọ. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀: awò ojú tí wọ́n fi okùn so apá rẹ̀ kan; ife tí kò ní etí mọ́; súwẹ́tà aláwọ̀ ewé lẹ́yìn àga; bàtà ilé, tọ̀tún níwájú tòsì; àti àtẹ òjò kan tó ṣì ṣí sílẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà.