Ìlẹ̀kùn Tó Ń Dún Gbì

Ní ọdún tí ìjọba ti bodè pa, Mẹ̀dínátù kọ̀ jálẹ̀, kò yọ òwú tó kì sínú ìlẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ kúrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ẹni tó bá kan ìlẹ̀kùn náà ló ń rò pé ìrẹsì ló wà nínú rẹ̀.

Ọkọ̀ náà kì í ṣe ọkọ̀ tuntun. Tòkunbọ̀ ni, ó ti Kùtọnu wọlé nígbà tí ọkọ Mẹ̀dínátù, bàbá Azeezat ọmọ rẹ̀, ṣì wà láyé, ó sì ti gbó kó tó dé. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ná Ayétòrò sí Ìlaròó. Ariwo inú rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n so agolo mọ́ ìrù ajá. Gíláàsì ń gbọ̀n, ìlẹ̀kùn ń jà, abẹ́ ọkọ̀ ń hó. Bó bá wọ kòtò, ọ̀pá ẹ̀yìn èrò ló ń kọ́kọ́ gbọ́.

Lọ́jọ́ kan, ó gbé obìnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún bọ̀ láti Ìlaròó. Obìnrin náà kò sunkún. Etí aṣọ rẹ̀ ló kì bọ ẹnu, ó ń gé e jẹ títí wọ́n fi dé Ayétòrò. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun o, ṣùgbọ́n Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n tún wọ mọ́tò yín mọ́."

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ ni èèyàn fi ń dá a lóhùn.

Mẹ̀dínátù pààrọ̀ sọ́ọ̀kì ẹsẹ̀ ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó pààrọ̀ rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé, nítorí èyí tó wà níbẹ̀ ti gan bí pọ̀nmọ́ gbígbẹ, gbogbo gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì ló sì ń gba ibẹ̀ wọ inú ọkọ̀. Ó fi rọ́bà tuntun sí etí ìlẹ̀kùn. Síbẹ̀, ìlẹ̀kùn ń dún gbàngà. Àbúrò rẹ̀, Lukman, tó ń rán ìjókòó ọkọ̀ ní Ayétòrò, ló bá a tú ìlẹ̀kùn. Páànù lásán ni wọ́n bá nínú rẹ̀, ó fẹ́lẹ́ bí agolo mílíìkì. Wọ́n gé tíúbù ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ páànù náà nínú lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn ìyẹn, Mẹ̀dínátù lọ sí ìdí igi àràbà tó wà lẹ́yìn oko bàbá wọn, ó ṣa òwú rẹ̀, irú èyí tí àwọn ìyá àgbà fi ń ṣe ìrọ̀rí. Ó dì í sínú ọ̀rá kéékèèké kí omi òjò má baà mu ún, ó sì kì í sínú ìlẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tó wá ti ìlẹ̀kùn, kò dún gbàngà mọ́. Ó dún gbì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́ bó ṣe dún?" Lukman ní. "Bíi ti gómìnà!"

"Gómìnà kì í gbé aláìsàn. Bíi tèmi ni kó o wí."

Láti ìgbà náà, tí aboyún bá ń lọ sílé ìwòsàn ní Ìlaròó, Mẹ̀dínátù ni wọ́n ń wá. Tí ìbàdí bá ń dun arúgbó, Mẹ̀dínátù ni. Màmá Dinah, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, tí eegun ìbàdí rẹ̀ ti jẹ, kò gbà láti wọ ọkọ̀ mìíràn. Bí wọ́n bá ti kúrò ní Ayétòrò báyìí, oorun ti gbé e lọ, á sì máa hanrun. Ó ní yàtọ̀ sí ìgbà ìwàásù, òun kì í rí irú oorun bẹ́ẹ̀ sùn.

Ìgbà náà ni ìjọba ti bodè. Ìrẹsì òkèèrè di ohun tí wọ́n ń gbé pamọ́. Àwọn kan ń dà á sínú ìlẹ̀kùn ọkọ̀, àwọn kan ń dà á sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, àwọn mìíràn jókòó lé tiwọn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà náà kọ́gbọ́n. Ìwé ọkọ̀ kọ́ ni wọ́n ń kọ́kọ́ béèrè mọ́, ìka ni wọ́n fi ń kan ìlẹ̀kùn. Bó bá dún gbàngà, kọjá. Bó bá dún gbì, sọ̀ kalẹ̀.

Nítòsí Ìgbógìlà ni wọ́n ti dá Mẹ̀dínátù dúró. Ọ̀gá wọn, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Alfred, kan ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn. Gbì. Ó kan ti iwájú. Gbì. Ó rẹ́rìn-ín bí ọdẹ tó bá ẹran lẹ́nu tàkúté.

"Màmá, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Kóńgò mélòó ló wọ ibí?"

"Òwú ni."

"Kí ni?"

"Òwú àràbà. Etí rẹ kò dí."

"Ṣé ẹ fẹ́ sọ fún mi pé orí ìrọ̀rí ni mọ́tò yín ń sùn ni?"

"Èrò inú rẹ̀ ló ń sùn. Wo ẹ̀yìn."

Lóòótọ́, Màmá Dinah ń hanrun. Alfred kò wò ó. Ó ki sukudiráfà bọ etí ìlẹ̀kùn, ó sì fa awọ inú rẹ̀ ya. Ọ̀rá bẹ́. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ́jọ́ náà. Òwú fò jáde, ó lẹ̀ mọ́ wọn ní fìlà, ó lẹ̀ mọ́ ìbọn, ó wọ Alfred nímú, ó sì sín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n tú ìlẹ̀kùn kejì. Òwú. Wọ́n tú ìkẹta àti ìkẹrin. Òwú ni.

"Ó dáa, ẹ máa lọ," Alfred ní, ó ń nu imú.

Mẹ̀dínátù yọ kọ́kọ́rọ́, ó fi í sáyà, ó sì gun orí bọ́nẹ́ẹ̀tì jókòó.

"Ẹ̀yin lẹ tú u. Ẹ̀yin lẹ máa dì í."

"Ẹ ń dí ọ̀nà!"

"Mo mọ̀."

Ọkọ̀ ti ń tò sẹ́yìn. Fèrè ń dún. Awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Àúdù yọ orí jáde. "Ìyá Azeezat, ẹ fún wọn ní nǹkan jàre, ká máa lọ!"

"Àúdù, ìwọ lò ń fún wọn. Òwú ni tèmi, wọ́n sì ti fimú gbà á."

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló jí Màmá Dinah. "Ṣé a ti dé Ìlaròó ni?"

"Rárá, Màmá. Kafíńtà là ń dúró dè."

"Níbo ló wà?"

"Ẹni tó gbé ìbọn kọ́ èjìká yẹn ni."

Màmá Dinah wo Alfred lókè wò ó nílẹ̀, bí olùkọ́ ti ń wo ọmọ tó pẹ́ dé kíláàsì. "Ọ̀gbẹ́ni, yára o. Dókítà kì í dúró deni."

Ni Alfred àti àwọn ènìyàn rẹ̀ bá tẹ̀ ba nínú oòrùn, wọ́n ń ṣa òwú. Nígbà tí wọ́n parí, Alfred sún mọ́ Mẹ̀dínátù, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. "Màmá, ẹ yọ ìranù yìí kúrò nínú ọkọ̀ yín. Ọjọ́ yòówù tí mo bá kàn án tó dún gbì, mo máa ṣí i."

"Máa ṣí i. Èmi náà á máa jókòó."

Alfred ṣí i lóòótọ́. Ó ṣí i ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ó ṣí i ní èyí tó tẹ̀ lé e, Mẹ̀dínátù sì ń gun orí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà sú Alfred. Ta ló fẹ́ máa fi òwú sín lójoojúmọ́? Bó bá ti rí ọkọ̀ náà lókèèrè, á gbé igi tí wọ́n fi dábùú ọ̀nà sókè. "Ìyá Olówùú, ẹ máa kọjá!"

Gbogbo Ayétòrò gbọ́ pé wọn kì í ṣí ìlẹ̀kùn Mẹ̀dínátù mọ́. Àwọn aládùúgbò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé abọ́ wá sílé rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ìyá Azeezat, ẹ wọn díẹ̀ fún wa. A ò ní sọ fẹ́nì kan."

"Kí ni kí n wọ̀n?"

"Ẹ̀yin náà mọ̀. Òwú yẹn."

Ó bu òwú sínú abọ́ ẹni tó kọ́kọ́ dé. Kò tún sí ẹni tó gbé abọ́ wá mọ́.

Ti Lukman ló wá le. Láti ìgbà tí bodè ti tì, ọkọ̀ kò wọlé mọ́, ta ló sì fẹ́ rán ìjókòó tuntun sí ọkọ̀ tí kò wọlé? Ó wá jókòó níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń fi ìka fa ilẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti pariwo yín tán. Wọ́n ti tú ọkọ̀ yín tán. Wọn ò tún ní ṣí i mọ́ láyé. Ẹ jẹ́ ká lo ìlẹ̀kùn yẹn. Mo mọ ẹni tó ní ìrẹsì."

"Rárá."

"Ẹ ò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀."

"Ó ti parí. Wọ́n ń pè mí lólè, o ní kí n máa gbé ọmọ ẹran jó."

"Ẹnu yín dùn. Ebi kò mọ òwe."

"Ebi ń pa èmi náà. Tí mo bá gbé ìrẹsì lẹ́ẹ̀kan péré, Alfred ló jàre gbogbo ọjọ́ tó fi fa ìlẹ̀kùn mi ya. Mi ò ní fún un."

Lukman dìde. Ó ní òun ti gbọ́. Ẹnu ló fi gbọ́.

Títú tí wọ́n ń tú ìlẹ̀kùn ti sọ awọ inú rẹ̀ di àkísà. Mẹ̀dínátù gbé ọkọ̀ fún Lukman kó bá a rán awọ náà, ó sì gbà á padà lọ́jọ́ kejì. Àárọ̀ ọjọ́ kẹta ni Màmá Dinah ní láti rí dókítà. Ìlẹ̀kùn dún gbì bó ti máa ń dún. Òwú ń dún gbì, ìrẹsì náà ń dún gbì. Kò sí ohun tí ì bá mú un fura nílé.

Ojú ọ̀nà ni ọkọ̀ ti sọ̀rọ̀. Nínú kòtò àkọ́kọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ jókòó, ó sì ha ilẹ̀. Mẹ̀dínátù rò pé sọ́ọ̀kì ti kú. Nígbà tí wọ́n yí kọ́nà, nǹkan dún nínú ìlẹ̀kùn, ṣẹẹẹ, bí òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lórí páànù.

Màmá Dinah lajú. "Mẹ̀dínátù, òjò ń rọ̀ ni?"

Oòrùn ń ràn. Mẹ̀dínátù dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Ihò kékeré kan wà nísàlẹ̀ ìlẹ̀kùn tí omi òjò ń gbà jáde. Ó bá àkísà nínú rẹ̀, ó fà á yọ. Ìrẹsì bẹ̀rẹ̀ sí í dà sí i lọ́wọ́.

"Lukman," ó wí.

Màmá Dinah ti rí i. "Kò síbi tá a máa gbé e sí mọ́," ó ní. "A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀gbẹ́ni yẹn kì í ṣí ìlẹ̀kùn rẹ mọ́. Máa lọ, Ọlọ́run á bò wá."

"Ẹ má fi Ọlọ́run ṣe alábàáṣe fàyàwọ́, Màmá."

"Ìbàdí ń dùn mí ni mo wí!"

"Mo gbọ́. Ẹ rọra sọ̀ kalẹ̀."

Ó fi sukudiráfà tú awọ ìlẹ̀kùn kúrò. Lukman ti ya tíúbù inú rẹ̀ dànù kí àyè lè gba ìrẹsì, kò sì sí òwú kankan. Ìrẹsì dà sínú koríko, funfun báláú. Ó tú ìlẹ̀kùn kejì, ó tú ìkẹta, ó tú ìkẹrin, ó ń fọwọ́ gbá a jáde. Nígbà tó gbójú sókè, Màmá Dinah ti tẹ́ gèlè rẹ̀ sílẹ̀, ó ń bu ìrẹsì sínú rẹ̀.

"Màmá!"

"Ẹ̀ṣẹ̀ ni ká fi oúnjẹ ṣòfò."

"Ẹ dà á nù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó fẹsẹ̀ rìn dé Ìlaròó."

Màmá Dinah dà á nù, ó ń kùn.

Wọ́n tún gbéra. Ariwo àtijọ́ ti padà: ìlẹ̀kùn ń jà, gíláàsì ń gbọ̀n. Màmá Dinah di ìjókòó mú, kò sì sùn mọ́. Alfred gbọ́ wọn kó tó rí wọn. Kò gbé igi sókè. Ó wá kan ìlẹ̀kùn. Gbàngà. Ó kan èkejì. Gbàngà. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó pe àwọn ènìyàn rẹ̀ kí wọ́n wá gbọ́.

"Ìyá Olówùú ti gbọ́ràn! Mo ní ẹ máa gbọ́ràn dandan!"

Ẹ̀rín náà ta Mẹ̀dínátù ju sukudiráfà lọ. Kò sì lè sọ fún un ìdí tí ìlẹ̀kùn fi tún ń dún gbàngà.

"Kò sí ẹni tó gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu," ó ní. "Nígbà tí àràbà bá tún la, wá kàn án."

Nígbà tó padà sí Ayétòrò, Lukman ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó gbọ́ ìró ìlẹ̀kùn, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìrẹsì ńkọ́?"

"Ó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Àparò ń jẹ ẹ́."

Lukman jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mẹ̀dínátù wo inú ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn rẹ̀, ó sì rí i pé tábìlì ṣófo. Máṣíìnì tí Lukman fi ń rán ìjókòó ni ó tà, tó fi ra ìrẹsì náà.

Mẹ̀dínátù kò bẹ̀ ẹ́. Lukman náà kò bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí àràbà la, Mẹ̀dínátù nìkan ló gé tíúbù, òun nìkan ló kì òwú, ìlẹ̀kùn sì tún ń dún gbì. Nígbà tí wọ́n ṣí bodè, tí iṣẹ́ ìjókòó tún ń yọjú díẹ̀díẹ̀, abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni Lukman fi ń gún awọ, títí àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ fi wú tí kò lè ká mọ́.