Orúkọ Tí Kò Sí Lórí Ìwé Owó Oṣù

Owú kì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé. Ọ̀sán gangan ni ó wọ inú Ìbíwùnmí Adépọ̀jù, ní ọdún 1979, ní ọ́fíìsì wọn ní Mowe, nígbà tí àlejò kan láti Abẹ́òkúta dúró sí ẹnu ọ̀nà tí ó sì béèrè pé:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Èwo ni Ládi Ògúnkànmí nínú yín? Kò sí oṣù tí a kì í rí orúkọ rẹ̀."

Ládi dìde, ó tún táì rẹ̀ ṣe. "Èmi rèé, sà. Ẹ wo ojú, kí ẹ lè fi kún orúkọ."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìbíwùnmí náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà rí lẹ́nu rẹ̀ bí iṣu tí kò jinná.

Yàrá méjì ni ọ́fíìsì náà, ní ẹ̀gbẹ́ títì ńlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe. Ètò kéékèèké fún kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kọ níbẹ̀. Wọn kò ní ẹ̀rọ tiwọn. Orí káàdì tí a lu ihò sí ni wọ́n ń fi ètò sí, wọn a kó o sínú àpótí, wọn a gbé e fún ilé-iṣẹ́ tí ó ní kọ̀ǹpútà, àwọn tí ń kọ ètò níbẹ̀ a sì so ó mọ́ ètò ńlá tiwọn. Ọjọ́ kan náà ni Ìbíwùnmí àti Ládi gba iṣẹ́, yunifásítì kan náà ni wọ́n sì ti jáde. Ohun kan ṣoṣo ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ètò Ládi bá rí àṣìṣe, tàbí bí ó bá kàn parí iṣẹ́, fúnra rẹ̀ ni í gba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, á sì tẹ ọ̀rọ̀ jáde pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́. Ti Ìbíwùnmí kì í tẹ ohunkóhun. Ohun tí ó bá rí, ètò ńlá ni í sọ ọ́ fún, a sì fi ìyókù sílẹ̀ fún onílé.

Kì í ṣe pé ó ń tijú. Ó ti rò ó dáadáa. Àlejò tí ó bá rí ejò nínú ọgbà onílé, etí onílé ni ó yẹ kí ó sọ ọ́ sí. Onílé ni ó mọ̀ bóyá kí òun mú igi, tàbí kí òun pe aládùúgbò, tàbí pé ejò náà kò lóró. Àlejò tí ó bá bọ́ sí òde tí ó ń pariwo ti gba ilé lọ́wọ́ onílé. Àlàyé yìí dá a lójú. Ṣùgbọ́n àlàyé kì í mú kí a mọ ènìyàn ní Abẹ́òkúta.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni Ọ̀gá Fàósátù, tí ó ni ọ́fíìsì náà, sọ fún wọn pé òun yóò yan olórí fún àwọn tí ń kọ ètò, bí òun bá ti rí bí iṣẹ́ owó oṣù ṣe lọ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ifọ̀. Ètò tí Ládi kọ láti ṣírò owó orí lára owó oṣù ni Ifọ̀ lò lóṣù tí ó kọjá. Lóṣù yìí, ti Ìbíwùnmí ni wọ́n fẹ́ lò.

"Ìbí," ni Ládi wí, "ètò rẹ dà bí ìyàwó tuntun níwájú àna. Bí kò bá lanu, ta ni yóò mọ̀ pé ó wà nílé?"

"Ìyàwó tí ó ń pariwo ńkọ́? Ṣé òun ni ilé máa ń tù lára?"

"Wọ́n ṣáà mọ orúkọ rẹ̀!"

Ọ̀rọ̀ náà gún un débi tí ó yẹ kí ó gún un. Ṣé Ládi nìkan ni ìyá bí ni? Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti kọ káàdì méjì kún ètò rẹ̀. Ọ̀kan yóò gba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, yóò tò ó bí ó ti wù ú. Èkejì yóò tẹ ÌBÍWÙNMÍ ADÉPỌ̀JÙ sí orí ìwé kọ̀ọ̀kan.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ náà, ó ti Mowe wọ ọkọ̀, ó kọjá Ibafo àti Magboro, ó sì gba ọ̀nà Agége yí lọ sí Ifọ̀, àpótí káàdì lórí itan. Ṣàràfá, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà ibẹ̀, dọ̀bálẹ̀ kí i.

"Àǹtí Ìbíwùnmí, Ọlọ́run ló rán yín. Ètò ẹ̀gbọ́n wa Ládi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá lóṣù tó kọjá."

"Kí ló ṣe?" Inú rẹ̀ ti ń dùn kí ó tó gbọ́.

"Orúkọ wọn ló kún ìwé owó oṣù gbogbo ènìyàn. Àwọn lébìrà ń bi mí pé, 'Ta ni Ládi yìí? Ṣé òun náà máa mú nínú owó wa ni?'"

Ìbíwùnmí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìyẹn ṣì kéré, Àǹtí. Ẹ mọ Ìyá Kúlúsúmù tó ń gbálẹ̀? Nọ́ńbà òṣìṣẹ́ wọn kò pé nínú àkọsílẹ̀. Mo ti kọ ọ́ sínú ètò ńlá tèmi pé kí ẹ̀rọ kìlọ̀ fún akápò, kó fọwọ́ sanwó fún wọn. Ṣùgbọ́n ètò ẹ̀gbọ́n Ládi ti gba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó ti tò ó sí ìfẹ́ tirẹ̀. Ìkìlọ̀ mi kò jáde rárá. Ìyá yẹn jókòó sẹ́nu ọ̀nà yìí títí wọ́n fi ti geeti. Wọn ò rówó gbà." Ó na ọwọ́ gba àpótí náà. "Tiyín nìkan ni n kì í tú wò kí n tó lò ó."

Ayọ̀ ọkàn Ìbíwùnmí kò tíì tán nígbà tí ó bojú wo àpótí náà. Ohun tí ó ń torí rẹ̀ fi Ládi ṣe yẹ̀yẹ́ ni ó gbé wá lórí itan láti Mowe.

"Dúró ná, Ṣàràfá. Gbé e fún mi."

"Ṣé kò sí wàhálà o?"

Ó ṣí àpótí, ó yọ káàdì méjì náà. "Orúkọ mi ni. Mo fi sí ibi tí kò yẹ."

Ṣàràfá wò ó, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú rẹ̀, ó sì gbé ẹ̀rín mì.

Ọ̀gá Fàósátù àti Ládi dé pẹ̀lú àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n wá wòran. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìwé ń jáde, ó mọ́ tónítóní, orúkọ òṣìṣẹ́ àti owó rẹ̀ nìkan. Nígbà tí ó kan Ìyá Kúlúsúmù, ìkìlọ̀ jáde sórí ìwé akápò, Ṣàràfá sì já a, ó sáré gbé e lọ.

"Èyí dára," ni ọ̀kan nínú àwọn àlejò wí. "Iṣẹ́ ta ni?"

"Ládi ni," ni Ọ̀gá Fàósátù dáhùn, bí ẹni tí ó ń dá orin tí ó ti mọ́ ọn lẹ́nu. Ládi tẹrí ba díẹ̀. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Owú ru gùdù nínú Ìbíwùnmí. Ẹ̀rọ kò ní bá a sọ ọ́. Òun fúnra rẹ̀ ni ó yọ káàdì tí ì bá sọ ọ́. Ó kù sí ẹnu rẹ̀.

"Ẹ jọ̀wọ́, sà. Èmi ni mo kọ ọ́."

Àlejò náà yíjú sí i. "Kí ló dé tí orúkọ rẹ kò sí níbẹ̀? Ti Ládi máa ń wà."

"Ilé wọn ni, sà. Ìwé wọn ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ mí, kí ó béèrè bí ẹ ti béèrè yìí."

Ọ̀gá Fàósátù wo Ládi, ó wo ilẹ̀. Ẹ̀rín ti gbẹ lójú Ládi, inú Ìbíwùnmí sì dùn sí ìyẹn ju bí ó ti yẹ lọ. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì gbìyànjú láti dá a dúró.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ padà, Ọ̀gá ṣí ilẹ̀kùn iwájú mọ́tò.

"Ìbíwùnmí, wá jókòó síbí. Ìwọ ni o máa ṣàlàyé fún àwọn yòókù lọ́la bí wọn yóò ṣe máa kọ ètò."

"Ẹ ṣé, sà."

Ládi wọ ẹ̀yìn. Kí wọ́n tó kọjá Agége, ó ti tú táì rẹ̀, ó sì ti kì í bọ àpò.